Ẹnìkan Kì í Jẹ́ ‘Àwa Dé’: Ọkọ̀ Èrò ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Òkìtìpupa fi ń jẹ́ Òkìtìpupa, kó wo taya àwọn ọkọ̀ tó ń ti ọ̀nà oko wọ gáréèjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Taya pupa, abẹ́ ọkọ̀ pupa, eruku tó bo gíláàsì ẹ̀yìn sì pọ́n bí osùn. Orúkọ ìlú náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ: òkìtì ni, ó sì pupa. Òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, òun náà sì ni ojúkò ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ilẹ̀ tí àwọn ìlú bí Ìkóyà, Òde-Ayé, Ìrèlè, Ìlútitun, Igbótako, Erínjẹ àti Ìjù-Odò wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń gbé ènìyàn wọ ilẹ̀ yìí kò ṣe é kà tán. Epo pupa wà níbẹ̀, nítorí ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Púpurú wà níbẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tí wọ́n ń mọ rìbìtì, tí wọ́n sì ń yan lórí iná títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú, kí wọ́n tó ha èèpo dúdú náà kúrò. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olúṣẹ́gun Agagu sọ, ọmọ Ìjù-Odò tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 sí 2009. Àwọn tó ń ti ẹsẹ̀ omi Ìlàjẹ bọ̀, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Igbókòdá, náà ní láti gba Òkìtìpupa kọjá kí wọ́n tó lè rí ọ̀nà òkè.

Gbogbo wọn ni ọkọ̀ ń gbé. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ilé-iṣẹ́ tó ní àkọlé gàdàgbà, tí àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ gbogbo dọ́gba, tí akọ̀wé ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò láti ojú fèrèsé, tí aago ara ògiri sì ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò gbéra. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kì í ṣe irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ èrò. Gáréèjì ni. Gáréèjì kò ní àwọ̀ kan, kò sì ní aago. Síbẹ̀, ó ní òfin, ó ní ìtàn, ó sì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní aago ti kógbá sílé. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí ni ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó ń ná àwọn tó ń wọkọ̀.

Òfin gáréèjì

Òfin kìíní ni títò. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ kó èrò. Èyí tó dé lẹ́yìn a dúró de tirẹ̀, ì báà jẹ́ ọkọ̀ tuntun tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Èrò kò lè sọ pé ti ẹ̀yìn ló wu òun. Bó bá sọ ọ́, àwọn agbèrò yóò rán an létí ibi tó wà.

Òfin kejì ló ṣe pàtàkì jù: ọkọ̀ kì í lọ àfi tó bá kún. Agbèrò a máa kígbe pé, “Ọ̀rẹ̀! Ọ̀rẹ̀! Ó ku ẹnìkan!” Ẹnìkan yẹn lè jẹ́ ènìyàn mẹ́rin. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ kì í ṣe èrò rárá. Ọmọ gáréèjì ni wọ́n, wọ́n kàn wọlé jókòó kí ọkọ̀ lè dà bí èyí tó ti fẹ́ kún ni. Bí èrò tòótọ́ ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yọ́ bọ́ọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti mọ ọgbọ́n yìí kì í wo iye orí tó wà nínú ọkọ̀. Ẹrù ló ń wò. Ọkọ̀ tí orí kún inú rẹ̀, tí bàgì kankan kò sí lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì ṣe tán àtilọ.

Òfin kẹta ni ti ẹgbẹ́. Awakọ̀ kò lè ṣàdédé wọ gáréèjì kó máa kó èrò. Ó ní láti wà nínú ẹgbẹ́, kó sì san owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni NURTW, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978 nígbà tí oríṣiríṣi ẹgbẹ́ awakọ̀ tó wà káàkiri orílẹ̀-èdè wọ inú ẹgbẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ráhùn nípa owó yìí, ìráhùn náà kì í sì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ló ń pààlà sí àárín àwọn awakọ̀, tí ń parí ìjà wọn, tí ń bá ẹni tí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ sí lójú ọ̀nà wá ọkọ̀ tí yóò kó èrò rẹ̀ tó kù.

Iṣẹ́ gáréèjì kò sì mọ sórí gbígbé ènìyàn. Ìyá tó wà ní Igbótako, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, lè di púpurú sínú àpò, kó rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì, kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ náà sórí bébà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrù, kó sì fi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Wéébíìlì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni yóò pe ọmọ lórí fóònù, yóò ka nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà awakọ̀ fún un. Ọmọ a lọ dúró ní páàkì ní Èkó, a gba ẹrù rẹ̀, a san owó tó bá kù. Bàbá tó ní ìwé ilẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí lọ́yà, ọ̀nà yìí náà ló ń gbà. Kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó yára tó o.

Omi ló ṣáájú títì

Bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà ‘ọkọ̀’ lónìí lè mú ká gbàgbé pé orí omi ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. A ti ń wa ọkọ̀ lórí omi kí mọ́tò tó dé, nígbà tí mọ́tò sì dé, kò gba orúkọ tuntun. Ọkọ̀ náà la tún pè é. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti ti Ìlàjẹ, ìtàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè nìkan. Omi ni ọ̀nà tó so ẹkùn yìí mọ́ Èkó kí títì tó wà. Láti Èkó, ọkọ̀ ojú omi a gba ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, a sì tún máa bá omi lọ sí ìhà ìlà-oòrùn títí yóò fi dé àwọn èbúté ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀. Epo àti èkùrọ́ ń bá ọ̀nà yìí lọ, aṣọ àti iyọ̀ ń bá a bọ̀. Ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, Òkìtìpupa ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó ìjọba fún gbogbo ẹkùn náà, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń pè ní Okitipupa Division kó Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpóì àti Àrógbò pọ̀.

Nígbà tí títì dé, lọ́rì onípákó tó ń jẹ́ bọ́lẹ̀kájà ló bá a dé. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìròyìn ìrìn-àjò: “Bọ́ọ́lẹ̀ ká jà!” Àwọn kan sọ pé ìjókòó tí èrò ti ń kọjú síra wọn, tí orúnkún ń gbá orúnkún, ló bí orúkọ yìí, àwọn mìíràn sọ pé ìjà tí àwọn ọmọ ọkọ̀ máa ń bá ara wọn jà lórí èrò ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ènìyàn, ewúrẹ́, adìyẹ àti àpò kòkó jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà ni.

Lẹ́yìn bọ́lẹ̀kájà ni Peugeot 504. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, kò sì pẹ́ tí èyí tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta fi di ọba ojú ọ̀nà jíjìn káàkiri Nàìjíríà. Ọkọ̀ yìí bá òfin gáréèjì mu wẹ́kú. Èrò méje péré ló ń gbé, nítorí náà kì í pẹ́ kún, ó sì ń sáré. Bọ́ọ̀sì Toyota Hiace àti Sienna tí a ń wọ̀ lónìí, ìtẹ́ 504 ni wọ́n jókòó lé.

Ọ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà Ìkálẹ̀

Kò sí bí a ṣe máa sọ ìtàn ọkọ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí a kò ní dárúkọ Ọ̀rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó ni Ọ̀rẹ̀ wà, òun sì ni olú-ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń lọ sí Èkó, Bìní, Oǹdó tàbí Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni yóò gbà. Láti Òkìtìpupa sí ibẹ̀ kò tó 50 kìlómítà. Níbẹ̀ ni ọ̀nà tó ti ìlú Oǹdó bọ̀ àti èyí tó ń lọ sí Òkìtìpupa ti pàdé òpópónà ńlá tó ti Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Bìní.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ bí nǹkan bá le ju agbára ẹni lọ: “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba ìlú Bìní, wọ́n sì bá òpópónà yìí wá sí ìhà Èkó. Ọ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Nígbà tó fi máa di ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, wọ́n ti gba Bìní padà. Ọ̀nà tí ogun gbà yìí náà ni ọkọ̀ èrò wá sọ di olókìkí. Àwọn bọ́ọ̀sì gbọ̀gbọ̀rọ̀ bíi Ekene Dili Chukwu àti The Young Shall Grow, tó ń ti Èkó lọ sí ìhà ilẹ̀ Ìgbò, máa ń yà sí Ọ̀rẹ̀ kí èrò lè jẹun. Ilé oúnjẹ ń pọ̀ sí i, títí tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ nǹkan kan nípa ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ adùn ọbẹ̀ Ọ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ọmọ Ìkálẹ̀ wà nínú gbogbo èyí. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ọkọ̀ náà ti kún wá. Bí àga kan bá ṣófo, oríire ni. Bí kò bá ṣófo, yóò padà sí gáréèjì, yóò sì gbọ́ “Ó ku ẹnìkan.”

Ilé-iṣẹ́ tó ń yí orúkọ padà

Nínú àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá ní Ọ̀rẹ̀ láyé ọjọ́un, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ìtàn rẹ̀ lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Nígbà tí Ọ̀gágun Samuel Ogbemudia ń ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Midwest, láti 1967 sí 1975, ìjọba rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Midwest Line. Ọkọ̀ ìjọba ni, ó ní àwọ̀ tirẹ̀, ó ní ibùdókọ̀ tirẹ̀, ó sì ń ná Bìní sí Èkó àti àwọn ìlú mìíràn. Ní 1976, ìpínlẹ̀ náà gba orúkọ tuntun, ó di Bendel. Midwest Line náà di Bendel Line. Àwọn tó wọ̀ ọ́ nígbà náà ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tó ti lọ: bí ọkọ̀ ṣe mọ́, bí àga ṣe ní nọ́ńbà, bó ṣe ń gbéra nígbà tí wọ́n bá ní yóò gbéra.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ pín Bendel sí méjì, Edo àti Delta. Ohun tí ó bá jẹ́ ti bàbá, àwọn ọmọ náà ni yóò pín in. Bendel Line pín sí Edo Line àti Delta Line. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orúkọ ìpínlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò lè bọ́ lọ́wọ́ àyànmọ́ ìpínlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ló pa ògo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìjọba. Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé kalẹ̀, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Taya, ẹ́ńjìnnì àti gbogbo ohun èlò ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí, ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ kò sì tètè padà sójú ọ̀nà. Ní 1988, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ èrò káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n pín bọ́ọ̀sì fún àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀. Àwọn ọkọ̀ náà dára lójú, owó wọn sì rọjú, ṣùgbọ́n owó tó rọjú fún èrò kò tó ra taya. Ẹni tó bá ti dàgbà tó láti rántí ọdún wọnnì yóò rántí àwọn bọ́ọ̀sì ìjọba tí koríko hù yí ká ní ẹ̀yìn ọ́fíìsì, tí ẹyẹ sì ń yé sínú wọn.

Àwọn aládàáni ló wá gba ọ̀nà jíjìn. ABC Transport bẹ̀rẹ̀ ní Òwèrrì ní 1993, God is Good Motors sì bẹ̀rẹ̀ ní Bìní ní 1998. Wọ́n ń gbéra ní àkókò, èrò sì ń sanwó jù ti gáréèjì lọ láti rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà, òpópónà Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ń bá kọjá.

Ta ló ń sanwó àga òfìfo?

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ ká fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ elérò 14 ṣe àpẹẹrẹ. Aago méje òwúrọ̀ lù, èrò mẹ́sàn-án péré ló wà nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá gbéra, ọlọ́kọ̀ ló pàdánù owó àga márùn-ún. Bí ọkọ̀ bá dúró, àwọn èrò mẹ́sàn-án yẹn ló ń san owó àga márùn-ún náà, àkókò wọn ni wọ́n sì fi ń san án. Bí wọ́n bá dúró fún wákàtí kan, kì í ṣe wákàtí kan ló ṣòfò. Wákàtí mẹ́sàn-án ni. Ọ̀nà kẹta kan ṣoṣo tó kù ni pé kí ìjọba bá wọn san án.

Gbogbo ìtàn tí a ti ń bá bọ̀ ló wà nínú ìṣirò kékeré yìí. Bendel Line gbéra ní àkókò nítorí pé àpò ìjọba ń gbé àdánù náà. Nígbà tí àpò ìjọba gbẹ, ọkọ̀ dúró. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ńlá gbéra ní àkókò nítorí pé ó ti fi owó àga òfìfo kún owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá ọ̀nà tí èrò pọ̀ sí, bíi Èkó sí Bìní, tí kì í fi í yà sí ọ̀nà kékeré bíi Òkìtìpupa sí Ìrèlè. Gáréèjì kò kú rí nítorí pé kò gbé àdánù kankan. Ó ti dì í ru èrò.

Kí á má ṣe bú awakọ̀, nítorí òun náà kò rí já jẹ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe olówó ọkọ̀; iye kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan ní ilé epo fò ju 500 lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì tún ń gun òkè lẹ́yìn náà. Àga òfìfo tí awakọ̀ lè mójú kúrò lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di èrè ọjọ́ náà gan-an. Nítorí náà ni ìdúró fi ń gùn sí i.

Ṣùgbọ́n ìdúró kì í ṣe bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń lọ kí ẹbí lè dúró. Ẹni tó fẹ́ kó ẹja tútù lọ tà kò lè dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdánwò ní aago mẹ́sàn-án kò lè dúró. Ẹni tí dókítà ní kó wá sí ilé-ìwòsàn ní ìlú Oǹdó lówùúrọ̀ kò gbọdọ̀ dúró. Láti 1976 tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ti wà, Àkúrẹ́ ni ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ó sì lé ní 100 kìlómítà láti Òkìtìpupa. Òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ há sí ọ́fíìsì kan níbẹ̀, yóò dúró de ọkọ̀ ní Òkìtìpupa, yóò tún dúró ní Ọ̀rẹ̀, ó sì lè tún dúró ní Oǹdó. Bó bá máa fi dé Àkúrẹ́, akọ̀wé ti lọ jẹun. Bó bá parí ohun tó bá lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú, ìbẹ̀rù ajínigbé kò sì jẹ́ kí ènìyàn wulẹ̀ wọkọ̀ alẹ́ mọ́. Ó di kó sùn sọ́dọ̀ ẹbí tàbí ní hòtẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ wákàtí kan di ọjọ́ méjì. Bí a bá ń sọ pé ìjọba jìnnà sí ará ìlú, irú nǹkan báyìí wà lára ohun tó ń mú un jìnnà.

Ohun tó ṣeé ṣe

Àwọn kan yóò ní ìwà gáréèjì ni gáréèjì, pé kò lè yí padà. Èkó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, nígbà tí Èkó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì BRT tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà kì í ṣe àjèjì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn ọmọ NURTW dá sílẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn gáréèjì kan náà, tí wọ́n fún ní ètò tó yàtọ̀, ṣe iṣẹ́ tó yàtọ̀.

Òkìtìpupa kì í ṣe Èkó, kò sì nílò ojú ọ̀nà BRT. Ohun tó nílò kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá ń gbéra ní Òkìtìpupa lọ tààrà sí Àkúrẹ́ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, yálà ó kún tàbí kò kún, tó sì ń padà ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò yàtọ̀. Kò di dandan kí ìjọba ra bọ́ọ̀sì tuntun kó sì ya àwòrán gómìnà sí i lára. A ti rí ibi tí ìyẹn ń parí sí. Àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ ti wà nílẹ̀, awakọ̀ tó mọ ọ̀nà ti wà. Ohun tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò lè jọ ṣe ni kí wọ́n ṣe onígbọ̀wọ́ àga òfìfo fún ìrìn àjò méjì yìí nìkan. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kún, wọn kò ní san kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí kò bá kún, wọn yóò san iye àga tó ṣófo. Èrò a sì mọ̀ pé ọkọ̀ kan ń bẹ tó ń lọ. Nígbà tí èrò bá ti mọ èyí dájú, àga yóò máa kún fúnra rẹ̀, nítorí ìdánilójú ló ń pe èrò ju ariwo agbèrò lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Àwọn tí wọ́n bá fẹ́ lọ fojú ara wọn rí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ lọ. Ẹní bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Láti Èkó, ẹ lè wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Òkìtìpupa tààrà, tàbí kí ẹ wọ èyí tó ń lọ sí Ọ̀rẹ̀, kí ẹ sì wọ takisí níbẹ̀. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù, nítorí òwúrọ̀ ni èrò ń pọ̀, ọkọ̀ sì ń tètè kún. Ẹ béèrè owó ọkọ̀ kí ẹ tó jókòó, ẹ sì mú ṣéńjì dání. Bí wọ́n bá gbé ìwé orúkọ èrò wá, ẹ kọ orúkọ yín gan-an àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọ́n lè pè. Ìwé náà kì í ṣe eré. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ jẹ púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Kí ẹ sì má gbàgbé pé bí àjò ti wù kó dùn tó, onílé yóò relé: ẹ béèrè ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa ń lọ kí ẹ tó kúrò ní gáréèjì.

Ọkọ̀ aago mẹ́fà tí mo ń sọ kò tíì sí, àwọn èrò sì ti ní ọgbọ́n tiwọn. Ẹnìkan kì í jẹ́ ‘àwa dé’. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ jù, tí àga kan tàbí méjì ṣẹ́ kù, ẹnìkan nínú wọn a gbóhùn sókè. Ó sábà máa ń jẹ́ ìyá oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò gbọdọ̀ bàjẹ́. “Ẹ jẹ́ ká dá owó ẹni tó kù, ká máa lọ.” Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́yìn a kọ́kọ́ kùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan a ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù, a ní iye báyìí ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní a dákẹ́, ẹni tó ní a fi tirẹ̀ kún un láìsọ̀rọ̀. Awakọ̀ a ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, a sì ṣíná sí ọkọ̀. Àga tí wọ́n jọ sanwó rẹ̀ náà kì í pẹ́ ṣófo. Kí wọ́n tó jáde ní ẹnu gáréèjì, ẹnìkan a ti gbé àpò púpurú rẹ̀ jókòó síbẹ̀.